BÁRAKÚ: ÌTÀN IGBÓ, ÒFIN ÀTI ÒÒFÀ

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè wa tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ń kọ́ nípa èdè dúró wò fínnífínní. Ọ̀rọ̀ náà ni bárakú. Bí a bá tú u palẹ̀, a ó rí i pé odindi gbólóhùn ni ó sùn sínú rẹ̀: bá ara kú, èyí ni pé ohun tí yóò bá ara wọ ibojì. Nígbà tí Yorùbá bá wí pé tábà ti di bárakú fún lágbájá, tàbí pé ẹmu ti di bárakú fún tàmẹ̀dù, ohun tí wọ́n ń wí ni pé kí a má wulẹ̀ da ara wa láàmú mọ́. Nǹkan náà àti ara ti di ọ̀kan, ikú nìkan ni ó lè yà wọ́n. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe orúkọ lásán, ìdájọ́ ni.

Ǹjẹ́ òtítọ́ ni ìdájọ́ yìí? Bí ó bá ṣe ti àwa akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni, a lè jókòó sí abẹ́ igi kí a máa jiyàn lé e lórí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ṣùgbọ́n ní Alímọ̀ṣọ́, láti Ìkọ̀tún dé Ẹ̀gbẹ́dá, láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìgándò, ọ̀pọ̀ ìyá ni ó ní ọmọ tí igbó ti di bárakú fún. Irú ìyá bẹ́ẹ̀ kò béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó ń béèrè ni pé, ǹjẹ́ ọmọ òun lè padà bọ̀ sípò? Nítorí ìbéèrè yẹn ni mo ṣe fẹ́ kí a tọpa ìtàn náà: bí igbó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa, ohun tí àwọn oníṣègùn wa rí nínú rẹ̀, ohun tí òfin fi ṣe, àti bí àwọn ọ̀mọ̀wé ayé òde òní ti ṣe ń gbìyànjú láti fi òòfà, irin tí ń fa irin nì, wo ìyánhànhàn inú ọpọlọ sàn.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ewé náà. Ewé tí ó bá ti bá wa gbé pẹ́ a máa ní orúkọ tirẹ̀, a sì máa ní iṣẹ́ tí àwọn babaláwo àti oníṣègùn ń rán an. Ewé tí a ń wí yìí kò ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Igbó ni a pè é, igbó kan náà tí ọdẹ ń wọ̀ tí àgbẹ̀ sì ń ṣán. Orúkọ àyálò ni, bí ìgbà tí ènìyàn kò mọ orúkọ àlejò tí ó pè é ní ará ọ̀nà. Dókítà Tolani Asuni, ọ̀kan nínú àwọn àgbà oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ wa, kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1964 pé igbó kì í ṣe ohun ìṣẹ̀dálẹ̀ wa, àti pé àwọn sójà tí ó ti ogun àgbáyé ẹlẹ́ẹ̀kejì bọ̀ ni ó mú un wọlé. Ẹ rántí pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó lọ sí Íńdíà àti Bọ́mà láti 1943 títí dé 1945, láti bá àwọn ará Jàpáàn jà nínú ẹgàn. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n mú ìtàn bọ̀, wọ́n mú ọgbẹ́ bọ̀, àwọn mìíràn sì mú àṣà mímu ewé yìí bọ̀ pẹ̀lú.

Kì í ṣe ewé nìkan ni ogun náà mú wá. Ọkàn àwọn sójà mìíràn ti dàrú. Títí di ìgbà yẹn, ibi ìtọ́jú wèrè tí ìjọba ní kò tó nǹkan. Ti Yábà ní Èkó, tí a ṣí ní ọdún 1907, dàbí ọgbà ẹ̀wọ̀n ju ilé ìwòsàn lọ, ibi tí a ń kó àwọn tí orí wọn dàrú pamọ́ sí ni. Ní ọdún 1944 ni a sọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Lantoro ní Abẹ́òkúta di ibi tí a ń tọ́jú àwọn sójà tí orí wọn dàrú. Ẹ wò ó bí ọ̀nà méjèèjì ti ṣe pàdé: ogun kan náà tí ó mú igbó wá ni ó mú kí a wá àyè fún àwọn tí ọpọlọ wọn ń ṣàìsàn.

Láti inú Lantoro yìí ni iṣẹ́ ńlá kan ti hù. Ọmọ Abẹ́òkúta kan, Dókítà Adéoyè Lámbò, tí a bí ní 1923, lọ kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ọpọlọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì padà wálé láti ṣe olórí ilé ìwòsàn tuntun ní Arọ̀. Ní ọdún 1954 ó bẹ̀rẹ̀ ohun kan tí àwọn òyìnbó kò tíì rí irú rẹ̀. Kàkà kí ó ti àwọn aláìsàn mọ́lé, ó fi wọ́n wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn náà ká. Ó ní kí ẹbí kan, ìyá tàbí àbúrò tàbí aya, bá aláìsàn wá kí ó máa bá a gbé, kí ó máa dáná fún un. Bí ilẹ̀ bá mọ́, aláìsàn yóò rìn lọ sí ilé ìwòsàn gba ìtọ́jú. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, yóò padà sí abúlé. Lámbò tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, ó ń gbọ́ tẹnu wọn, ó sì ń bá wọn ṣiṣẹ́. Òkìkí ètò yìí kàn káàkiri ayé. Nígbà tí ó yá, Lámbò di gíwá Yunifásítì Ìbàdàn, lẹ́yìn èyí ó di igbákejì olórí àjọ ìlera àgbáyé. Ó kú ní ọdún 2004.

Arọ̀ yìí ni Asuni pẹ̀lú ti ṣiṣẹ́. Ó rí àwọn amugbó láàárín àwọn aláìsàn tí a ń gbé wá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí wọn. Ní ọdún 1964 ó kọ ìwádìí rẹ̀ sínú ìwé tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń tẹ̀ lórí oògùn olóró. Ní 1965 Lámbò pẹ̀lú kọ tirẹ̀ sínú ìwé kan náà. Ní ọdún 1964 yẹn kan náà ni àwọn ọ̀mọ̀wé méjì ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì, Yechiel Gaoni àti Raphael Mechoulam, yọ èròjà tí ń pa ènìyàn bí ọtí nínú igbó sọ́tọ̀, èyí tí a ń pè ní THC lónìí. Bí àwọn kan ti ń wo inú ewé ní ọ̀nà jíjìn ni àwọn tiwa ń wo inú ènìyàn ní Abẹ́òkúta. Bí a bá ti fi ọwọ́ kan náà tẹ̀ síwájú, ta ni ó mọ ibi tí à bá dé?

Ṣùgbọ́n ìtàn kò gba ibẹ̀. Ní ọdún 1966 ìjọba ológun ṣe òfin igbó, òfin kọkàndínlógún ọdún náà. Ó le bí ojú ẹja. Ẹni tí ó bá gbin igbó lè kú ikú òfin, bí wọn kò bá sì pa á, yóò ṣe ẹ̀wọ̀n tí kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 21. Ẹni tí ó mu ún pẹ̀lú yóò wọ ẹ̀wọ̀n ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Ní 1974 ni àwọn ọlọ́pàá mú Fẹlá Aníkúlápó Kútì nítorí igbó, tí ọ̀rọ̀ náà sì di orin lẹ́nu rẹ̀. Ní 1975 ìjọba fúnra rẹ̀ rí i pé òfin náà ti le jù: wọ́n yọ ìdájọ́ ikú kúrò lórí gbígbìn rẹ̀, wọ́n sì sọ ìyà amugbó di ẹ̀wọ̀n oṣù 6 tàbí owó ìtanràn. Ọdún mẹ́wàá kò tíì pé tí ọwọ́ fi tún yí padà. Òfin ogún ti 1984 mú ìdájọ́ ikú wá fún òwò àwọn oògùn líle mìíràn, wọ́n sì yìnbọn pa ọkùnrin 3 ní Èkó ní 1985. Ní 1986 wọ́n tún fagi lé ìdájọ́ ikú náà. Ní 1989 ni wọ́n dá NDLEA sílẹ̀, àjọ tí ń gbógun ti oògùn olóró títí di òní.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ fi ara balẹ̀ wo ìtàn òfin yìí. A mú un le, a dẹ̀ ẹ́, a tún mú un le, a tún dẹ̀ ẹ́, bí ìgbà tí alágbẹ̀dẹ ń fín iná. Nínú gbogbo rẹ̀, ọwọ́ tí ó mú igbó dání ni òfin ń wò. Kò wo ohun tí ó ń rán ọwọ́ náà níṣẹ́. Èmi kò wí pé kí òfin má sí. Ẹni tí ń kó igbó tà fún ọmọ iléèwé yẹ fún ìjìyà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti fẹ́ jáwọ́ tí kò sì rí i ṣe, ẹ̀wọ̀n kò kọ́ ọ bí a ti í jáwọ́. Àwọn àgbà ti wí pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí Alímọ̀ṣọ́, kí a wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà dé lónìí. Ìletò àti oko àwọn Àwórì ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀ rí. Èkó ń kún, àwọn ènìyàn ń wá ibi tí ilé kò ti wọ́n púpọ̀, títí oko fi di àdúgbò, tí àdúgbò sì di ìlú. Nígbà tí a ka ènìyàn ní ọdún 2006, Alímọ̀ṣọ́ ní ènìyàn 1,277,714 gẹ́gẹ́ bí ìkànìyàn ìjọba àpapọ̀; kò sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní Ìpínlẹ̀ Èkó tí ó pọ̀ tó o. Ní ọdún 2018, ìjọba àti ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí ó ń rí sí oògùn olóró parí ìwádìí ńlá kan lórí gbogbo Nàìjíríà. Wọ́n rí i pé nínú ọdún kan, àwọn tí ó mu igbó láàárín ọmọ ọdún 15 sí 64 tó mílíọ̀nù 10.6. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ìdá mẹ́ta àwọn ènìyàn ọjọ́ orí yìí, ìdá kan ni ó ti lo oògùn olóró irú kan tàbí òmíràn láàárín ọdún náà. Kì í ṣe gbogbo amugbó ni ó ń di bárakú fún. Àwọn oníṣègùn fojú díwọ̀n rẹ̀ sí nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá. Síbẹ̀, ẹnì kan nínú mẹ́wàá láàárín irú èrò báyìí, ogun ni.

Kí ni ó ń ṣe ẹnì kan náà? Ohun tí a ń pè ní ìyánhànhàn ni. Ọpọlọ wa ní àwọn ẹnu ọ̀nà wínníwínní tí èròjà igbó ń gbà wọlé. Ara fúnra rẹ̀ ni ó dá àwọn ẹnu ọ̀nà náà fún èròjà tirẹ̀, igbó kàn bá wọn níbẹ̀ ni. Bí ènìyàn bá ń mu ún lójoojúmọ́, ọpọlọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn ìlẹ̀kùn kan, nítorí pé àlejò ti pọ̀ jù. Bí ó bá wá di ọjọ́ tí kò rí mu, oorun yóò dá lójú rẹ̀, oúnjẹ kò ní wù ú, inú yóò máa bí i sí ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Bí ó bá gba ibùdókọ̀ tí ó ti máa ń mu ún kọjá, tàbí tí èéfín rẹ̀ kàn án nímú, gbogbo ara rẹ̀ yóò dìde. Apá iwájú ọpọlọ, èyí tí ènìyàn fi ń kó ara rẹ̀ ní ìjánu, kò ní lágbára tó láti dá a dúró. Kì í ṣe pé kò ní ìtìjú. Ìjánu ni ó já.

Ìròyìn ayọ̀ kan wà níbẹ̀. Àwọn oníṣègùn ní Amẹ́ríkà ya àwòrán inú ọpọlọ àwọn amugbó, wọ́n sì kéde ní 2012 pé bí amugbó bá lè fara dà á fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4 láìmu ún, àwọn ìlẹ̀kùn tí a ń wí yìí ń ṣí padà. Bárakú kò bá ara kú dandan. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọ̀sẹ̀ 4 náà gan-an ni ìyánhànhàn ń le jù. Títí di òní, kò sí oògùn oníhóró kan tí àwọn aláṣẹ ìlera Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún bárakú igbó. Ìmọ̀ràn àti ọ̀rọ̀ ìgbaniníyànjú láti ẹnu ẹni tí a kọ́ ní iṣẹ́ náà ni ó wà. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi wo apá òòfà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ iná mànàmáná nínú ara jẹ́ ohun àjèjì. Àwọn apẹja wa mọ ẹja òjìjí, tí ó jẹ́ pé bí o bá fi ọwọ́ kàn án nínú omi, apá rẹ yóò kú tipiri fún ìgbà díẹ̀. Ní ilẹ̀ Róòmù, ní nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn, oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Scribonius Largus kọ ọ́ pé òun ń fi irú ẹja bẹ́ẹ̀ tí ó wà nínú òkun lé orí ẹni tí orí ń fọ́. Ní 1831 Michael Faraday fi hàn ní Lọ́ńdọ̀nù pé bí agbára òòfà bá ń yí padà nítòsí wáyà, iná yóò sáré nínú wáyà náà láìjẹ́ pé ohunkóhun kàn án. Ní 1896, ní ilẹ̀ Faransé, Arsène d'Arsonval ní kí ènìyàn ki orí bọ àárín wáyà ńlá tí a ká róbótó. Bí ó ti tan iná sí i, ẹni náà rí ìmọ́lẹ̀ tí ń ṣẹ́ yẹ́ríyẹ́rí lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún 1985 ni Anthony Barker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Sheffield tó ṣe ẹ̀rọ tí ó kéré tí ó sì lágbára tó láti fi òòfà ta ọpọlọ jí láti òde agbárí. Wọ́n gbé e lé ibi tí ọpọlọ ti ń darí ọwọ́, ọwọ́ ẹni náà sì ta pọ́ún láìjẹ́ pé òun ni ó gbé e.

Báyìí ni a ṣe ń lò ó. Aláìsàn yóò jókòó sórí àga, ojú rẹ̀ yóò là sílẹ̀. Wọn kì í fá orí rẹ̀, wọn kì í la agbárí rẹ̀, wọn kì í fún un ní oògùn oorun. Wọn yóò gbé wáyà tí a ká sínú ike lé apá òsì iwájú orí rẹ̀, níbi ìjánu tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Iná yóò máa já wọ inú wáyà náà kíákíá, bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Òòfà rẹ̀ yóò gba inú agbárí kọjá, yóò sì ta ọpọlọ jí. Aláìsàn yóò máa gbọ́ ariwo kọ́kọ́kọ́ bí ẹyẹ akókó tí ń sọ igi, orí sì lè fọ́ ọ díẹ̀. Ewu tí ó tóbi jù ni gìrì, kì í sì í wọ́pọ̀. Èyí yàtọ̀ pátápátá sí iná tí a ń fi wo àwọn aláìsàn ọpọlọ láti 1938, tí àwọn ará Ítálì méjì dá sílẹ̀. Iná tòótọ́ ni wọ́n ń gbà gba orí aláìsàn kọjá níbẹ̀, gìrì gan-an ni wọ́n sì ń fà. Mo fi èyí hàn nítorí pé bí a bá sọ fún ìyá kan ní Ẹ̀gbẹ́dá pé iná ni a fẹ́ fi wo orí ọmọ rẹ̀, ó lè gbé ọmọ rẹ̀ sá lọ.

Kí ni òòfà yìí ti ṣe? Ní 2008 àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Ní 2020 wọ́n fọwọ́ sí irú kan rẹ̀ fún àwọn tí ó fẹ́ jáwọ́ nínú sìgá. Nínú ìdánwò tí wọ́n gbé e kà, ènìyàn 262 ni wọ́n pín sí méjì: apá kan gba òòfà tòótọ́, apá kejì gba òòfà ẹ̀tàn tí ń pariwo lásán. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó gba ti tòótọ́, bíi 19 jáwọ́ fún ọ̀sẹ̀ 4 gbáko. Ti ẹ̀tàn kò ju bíi 9 lọ. Ó ju ìlọ́po méjì lọ, ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé nǹkan bí 81 nínú ọgọ́rùn-ún kò jáwọ́.

Ti igbó kò tíì dé ibẹ̀. Ní 2018, àwọn oníṣègùn kan ní Amẹ́ríkà, tí Gregory Sahlem wà lára wọn, kéde ìdánwò kékeré kan. Wọ́n rí i pé amugbó lè fara da òòfà náà láìsí ewu, ṣùgbọ́n ìjókòó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò dín ìyánhànhàn kù ju ti ẹ̀tàn lọ. Wọ́n kò juwọ́ sílẹ̀. Ní 2024 wọ́n kéde òmíràn: ènìyàn 72 tí wọ́n fẹ́ jáwọ́, ìjókòó 20, méjì ní ìrìn àjò kan, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 5, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìgbaniníyànjú. Nígbà tí wọ́n wọn ìyánhànhàn, ìyàtọ̀ àárín òòfà tòótọ́ àti ti ẹ̀tàn kò hàn kedere. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìtọ́jú ti parí, tí wọ́n ń tẹ̀lé wọn síwájú, àwọn tí ó gba òòfà tòótọ́ wí pé ọjọ́ tí àwọn ń mu igbó láàárín ọ̀sẹ̀ ti kéré sí ti àwọn yòókù. Ìrètí ni èyí. Kì í ṣe ìwòsàn tí a lè fi ọwọ́ sọ̀yà fún. Ẹnikẹ́ni tí ó bá gbé ẹ̀rọ náà wá sí ìgboro Èkó lọ́la, tí ó wí pé yóò pa bárakú igbó rẹ́ pátápátá, tí ó sì gba owó ńlá lórí rẹ̀, kí a mọ̀ pé ó ti sọ ju ohun tí ìwádìí sọ lọ.

Kí wá ni àǹfààní ìtàn yìí fún ará Alímọ̀ṣọ́? Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Ìjókòó 20 ní méjì méjì, ìrìn àjò 10 ni. Bí ọ̀dọ́ kan bá ń ti Ìgándò lọ sí Yábà, yóò gba Ìkọ̀tún àti Ìsọlọ̀, yóò já sí Ọ̀ṣọ́dì, kí ó tó dé ibẹ̀ nínú sún kẹrẹ fà kẹrẹ. Àlọ 10, àbọ̀ 10. Bí ẹbí kan bá sì tẹ̀lé e gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ, owó ọkọ̀ lọ́nà 40 nìyẹn, láìka owó ìtọ́jú. Mélòó ni ibùdókọ̀ tí èéfín igbó ti lè kàn án nímú lójú ọ̀nà náà? Ẹni tí ìyánhànhàn ń bá jà lè ti sọ̀ kalẹ̀ kí ó tó dé Ìsọlọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn àlejò láti ilẹ̀ òkèèrè fi ń bá ọkọ̀ òfuurufú wá sí Ìkọ̀tún láti wá ìwòsàn lọ́dọ̀ wòlíì T. B. Joshua, títí ó fi kú ní 2021. A kò lè wí pé ènìyàn kì í rin ìrìn àjò nítorí ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ìrìn àjò ẹ̀ẹ̀kan ni tiwọn. Ti bárakú kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Àlọ àti àbọ̀ ni, léraléra.

Ibí yìí ni Arọ̀ ti 1954 àti òòfà ti 2024 ti pàdé. Ohun tí ìdánwò ti 2018 kọ́ àwọn òyìnbó ni pé ìjókòó kan kò tó. Ohun tí Lámbò mọ̀ nìyẹn ní 64 ọdún ṣáájú, tí ó fi gbé aláìsàn sí ibi tí ó ti lè fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ìwòsàn lójoojúmọ́, tí ẹbí rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ lè yí padà, oògùn lè yí padà. Ṣùgbọ́n ibi tí aláìsàn yóò máa padà sí, tí ó sún mọ́ ilé, àti ẹni tí yóò máa bá a lọ, èyíinì kò yí padà. Ilé ìwòsàn ńlá ìjọba wà ní Ìgándò, àwọn ilé ìlera kéékèèké sì wà ní àdúgbò. Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí ó rọ́pò òfin wèrè ti àtijọ́, ó sì ka ìtọ́jú àwọn tí oògùn olóró ti mú mọ́ra. Bí a bá fẹ́ kí òfin yìí ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, kí a fi nọ́ọ̀sì tàbí olùdámọ̀ràn tí a kọ́ ní iṣẹ́ náà sí àwọn ilé ìlera wọ̀nyí, kí amugbó tí ó fẹ́ jáwọ́ lè rìn lọ bá a lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ láìjẹ́ pé ọlọ́pàá ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Bí òòfà bá wá dé lọ́jọ́ kan tí ó sì jẹ́ òtítọ́, yóò bá ilé tí a ti kọ́ sílẹ̀ dè é. Bí kò bá sì dé, ilé náà kò ṣòfò.

Àwọn kan yóò wí pé owó ìlú kò yẹ kí a ná sórí ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa àìsàn. Mo bọ̀wọ̀ fún ìbínú wọn, nítorí pé ẹni tí amugbó ti jà lólè kò lè sọ̀rọ̀ bíi tèmi. Ṣùgbọ́n owó ìlú kan náà ni a fi ń bọ́ ẹlẹ́wọ̀n, láti 1966 ni a sì ti ń bọ́ wọn. Àwọn mìíràn yóò wí pé kò sí bí a ti ṣe lè ṣe Ifá kí ó má hùwà èkùrọ́, pé ẹni tí igbó bá ti mú, ó ti mú un nìyẹn. Àwọn wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ bárakú ti tàn jẹ. Àwọn baba wa tí ó dá ọ̀rọ̀ náà sọ ohun tí ojú wọn rí. Wọn kò rí inú ọpọlọ tí ń ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀ padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Èmi kò wí pé kí a yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú èdè. Ọ̀rọ̀ tí ó dára ni, ó sì kìlọ̀ fún ẹni tí kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo ń wí ni pé kí a má fi ìkìlọ̀ ṣe ìdájọ́. Kí ìyá tí ó wà ní Ìgándò mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ lè padà bọ̀ sípò. Kí ọmọ náà mọ̀ pé bí ó bá ṣubú lẹ́yìn ìrìn àjò kẹta, ìrìn àjò kẹrin ṣì wà. Kí àwa tí a ń kàwé sì máa wí i létí àwọn aláṣẹ pé kí wọ́n mú ilé ìtọ́jú sún mọ́ ilé. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.